Ànàmọ́ Funfun, Olómi Ọsàn àbí Elésè Àlùkò: Èwo Ni Kí Ẹ Gbé Kaná?

Bó bá jẹ́ iyán lẹ fẹ́ gún, ẹ ra funfun. Bó bá jẹ́ ọmọ kékeré lẹ fẹ́ fún lóúnjẹ, ẹ ra èyí tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Elésè àlùkò ni ti ẹni tó fẹ́ kí àlejò béèrè ohun tó wà nínú àwo, tó sì ṣe tán láti dúró ti ìkòkò rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní náwó sórí èyí tí kò wúlò fún un.

Ànàmọ́ tí mò ń sọ yìí lẹlòmíràn ń pè ní ọ̀dùnkún tàbí kúkúǹdùkú. Ti òyìnbó, ìyẹn Irish potato, tí ọkọ̀ ń kó wá láti Jọ́ọ̀sì, ní àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì kò bára tan rárá. Ìbátan tòmátì, ata àti ìgbá ni ti òyìnbó.

Inú ni kí ẹ wò

Kò sí ohun tó ń tan oníbàárà jẹ ní ọjà Kàbà tàbí ti Ìsánlú, ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, bí èèpo ànàmọ́. Èyí tí èèpo rẹ̀ pọ́n dòdò, tó tiẹ̀ fẹ́ẹ́ jọ elésè àlùkò, inú rẹ̀ sábà máa ń funfun. Òmíràn sì wà tí èèpo rẹ̀ kò jọni lójú, tó jẹ́ pé àwọ̀ ọsàn ló kún inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kí ẹni tó ń tà á ní “Òkun”, bí àwa ti ń kí ara wa, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó dúnàá dúrà.

“Òkun o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni inú eléyìí ṣe rí?”

“Òkun, ọmọ mi. Olómi ọsàn ni. Wò ó.”

Ìyá tó mọ ọjà rẹ̀ kò ní bínú. Kékeré kan létí òkìtì ni yóò ṣẹ́ sí méjì fún yín. Bí ẹni tó ń tà á kò bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ, ẹ fi èékánná ha ibi tí ọkọ́ ti bó o lára. Àwọ̀ inú rẹ̀ á yọjú níbẹ̀.

Bí ẹ ti ń wò ó, ẹ wá ihò wẹ́wẹ́. Kòkòrò kan wà tó máa ń lu ànàmọ́, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti gbẹ tó sì ń là. Èyí tó bá jẹ nínú á korò, ìkorò náà kì í sì í bá omi sísè lọ. Kò dára fún ara ènìyàn, kò sì dára fún ẹran ọ̀sìn. Ẹ má ṣe gé ibi tó bàjẹ́ kúrò kí ẹ sì se ìyókù. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ nù.

Ìfiwéra lójú kan

| | Funfun | Olómi ọsàn | Elésè àlùkò |
|---|---|---|---|
| Bó bá jinná | ó gbẹ, ó ń hó | ó rọ̀, ó lómi | ó gbẹ, ó ki |
| Iyán | ó dára | ẹ pò ó mọ́ iṣu | ẹ fi sílẹ̀ |
| Àsáró elépo | ó dára | òun ló dára jù | àwọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́ |
| Dídín | ó rọrùn | ó tètè ń jó | ó dára nínú òróró |
| Ògì ọmọ | ó ń fi adùn kún un | òun ló ṣe ara lóore jù | fún ẹwà ni |
| Ọjà wa | ó pọ̀ | ó ń pọ̀ sí i | ó ṣọ̀wọ́n |

Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni ohun tó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Funfun kan wà tó lómi, olómi ọsàn kan sì wà tó gbẹ. Irú ìtàkùn àti ilẹ̀ tí a gbìn ín sí lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Iyán

Àwa ará ilẹ̀ Òkun kì í fi iyán ṣeré. Láti Kàbà dé Ìyàrá, láti Mọ̀pà dé Ẹ̀gbẹ̀, iṣu ló ni odó. Ṣùgbọ́n bí iṣu bá gbówó lórí, ànàmọ́ máa ń bá a wọnú odó, funfun ló sì yẹ kó jẹ́. Omi inú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dúró dáadáa lábẹ́ ọmọ odó.

Olómi ọsàn nìkan kò lè di iyán gidi. Omi inú rẹ̀ á jẹ́ kó rọ̀ jù, ẹ ó máa gún un, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, kò sì ní í fà. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní nílé, ẹ mú ìdá kan rẹ̀ sí ìdá mẹ́ta iṣu. Ẹ sè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ànàmọ́ bá jinná, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ dá ìkòkò padà sórí ẹyin iná tí kò le kí ooru lè gbẹ ẹ́. Ẹ gún iṣu títí kóókó rẹ̀ á fi tán, kí ẹ tó ju ànàmọ́ sí i. Iyán náà á pọ́n rúsúrúsú, á sì dùn díẹ̀. Adùn yẹn ni kò jẹ́ kí n gbà yín níyànjú láti fi ọbẹ̀ tí kò ta jẹ ẹ́. Ẹ̀gúsí tí irú àti ata wà nínú rẹ̀ dáadáa, tí ẹja gbígbẹ sì kún inú rẹ̀, ló lè dojú kọ ọ́.

Ti elésè àlùkò, ó ṣe é gún bí ẹ bá fẹ́. Ẹ kàn gbé iyán aláwọ̀ aró síwájú bàbá àgbà kan ní Ẹ̀kìnrìn-Àdè, kí ẹ wò ó bóyá yóò nawọ́ sí i.

Olómi ọsàn àti epo

Ohun tó fún un láwọ̀ ló fún kárọ́ọ̀tì láwọ̀, òun náà ló sì wà nínú epo pupa wa. Bẹta-karotíìnì lorúkọ rẹ̀. Ara ènìyàn ló ń sọ ọ́ di fítámì A, èyí tí ojú nílò láti ríran ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òru, tí ara ọmọdé sì nílò láti fi bá àrùn jà. Ànàmọ́ olómi ọsàn tútù tó wọn gíráàmù 125, ìyẹn ẹyọ kékeré kan, tó fún ohun tí ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé nílò lójúmọ́. Funfun kò ní nǹkan kan tó tó ìyẹn nínú.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn kan ṣe kí irú rẹ̀ tó tàn ká Áfíríkà. Ní ọdún 2016, ẹ̀bùn World Food Prize bọ́ sọ́wọ́ Maria Andrade, Robert Mwanga, Jan Low àti Howarth Bouis, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ sì gbà á nítorí ànàmọ́ olómi ọsàn yìí gan-an. Ní ilẹ̀ wa, ilé ìwádìí ìjọba lórí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́ ní Umudike, ìpínlẹ̀ Abia, ló gbé UMUSPO/1 tí wọ́n sọ ní King J àti UMUSPO/3 tí wọ́n sọ ní Mother’s Delight jáde fún àwọn àgbẹ̀. Inú Mother’s Delight pọ́n ju ti King J lọ. Bí ẹ bá ń wá ìtàkùn nítorí àwọn ọmọ, òun ni kí ẹ béèrè.

Nínú ìkòkò, ohun tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé àwọ̀ yìí kì í ṣí sínú omi, inú epo ló ń ṣí sí. Ara kò sì lè rí i lò dáadáa láìsí ọ̀rá díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àsáró fi yẹ ẹ́ ju oúnjẹ mìíràn lọ: epo pupa, àlùbọ́sà, ata, edé tàbí ẹja gbígbẹ, ẹ̀fọ́ díẹ̀ bó bá kù díẹ̀ kó jinná. Omi tí ẹ máa bù sí i kò gbọdọ̀ tó ti iṣu, nítorí ànàmọ́ fúnra rẹ̀ á sun omi jáde, yóò sì fọ́ láìjẹ́ pé ẹ fi ìpọnkọ fọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ pa á pọ̀ mọ́ iṣu, iṣu ni kó kọ́kọ́ wọ ìkòkò. Ata rodo kò gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀. Àsáró aládùn tí kò ta, oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni.

Nípa ọmọ ọwọ́ tí mo sọ yẹn, ẹ se ànàmọ́ náà pẹ̀lú èèpo rẹ̀ nínú ìkòkò tí ẹ dé, ẹ bó o, ẹ tẹ̀ ẹ́ kúnná, kí ẹ fi ṣíbí kékeré epo kan sí i kí ẹ tó pò ó mọ́ ògì. Ẹ ò ní nílò ṣúgà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ilé náà lè jẹ nínú rẹ̀ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí a sè nínú omi. Èyí tí a sun tètè máa ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè jù ú lọ.

Ohun kan tí mo ń rí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni bí àwọn kan ṣe ń gé olómi ọsàn, tí wọ́n ń sá a sí gbangba oòrùn, tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ pa mọ́ fún oṣù púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń jẹ bẹta-karotíìnì. Bí ìyẹ̀fun náà bá ti ṣá, oore tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á ti dín kù pẹ̀lú àwọ̀ náà. Bó bá di dandan kí ẹ gbẹ ẹ́, abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí, kí ẹ tètè jẹ ẹ́ tán.

Elésè àlùkò àti bó ṣe ń pàwọ̀ dà

Àwọ̀ inú rẹ̀ àti àwọ̀ zóbò, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni tó bá ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú zóbò rí á ti rí i pé ṣe ló pọ́n sí i, tó sì mọ́ rekete. Bẹ́ẹ̀ náà ni ànàmọ́ yìí: ohun kíkan á sọ ọ́ di pupa, kàún á sọ ọ́ di aró tàbí àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ìkòkò kò ní bá yín lójijì.

Ẹ wo ẹ̀wà. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń fi kàún sí ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, tí wọ́n á sì gé ànàmọ́ sí i. Funfun kò ní wáhálà níbẹ̀, olómi ọsàn náà kò ní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ju elésè àlùkò sínú omi kàún, ohun tí ẹ máa ṣí ìdérí bá á jọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jẹ. Kì í ṣe májèlé, ó kàn ti pàwọ̀ dà ni. Ẹ se ẹ̀wà yín láìfi kàún sí i, tàbí kí ẹ se ànàmọ́ náà lọ́tọ̀, kí ẹ kó o lé ẹ̀wà lórí nígbà tí ẹ bá ń bù ú.

Ògì yàtọ̀. Nítorí pé ó ti kan, bí ẹ bá po elésè àlùkò tí ẹ tẹ̀ kúnná mọ́ ọn, á bọ́ sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó dára lójú gan-an. Bí ẹ bá da mílíìkì sí i, pupa náà á tún fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá mìíràn máa sọ pé oúnjẹ kì í ṣe eré, òun náà ló sì tún máa béèrè ìtàkùn rẹ̀.

Kò dà bí olómi ọsàn o: inú omi ni àwọ̀ tiẹ̀ ń ṣí sí. Ẹ bó o, ẹ gé e, ẹ sè é nínú omi púpọ̀, omi á gba àwọ̀, ànàmọ́ á ṣá. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè sè é lódidi pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni kí ẹ to igi tàbí ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún mọ́ínmọ́ín, kí ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kó jẹ́ ooru ni yóò sè é jinná. Ó le díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, nítorí náà ẹ má kánjú sọ ọ́ kalẹ̀. Ìkòkò irin kò bá a mu. Ó máa ń jẹ́ kó ṣú.

Epo pupa ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Àwọ̀ àlùkò àti àwọ̀ epo, bí wọ́n bá pàdé, ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n ń dà. Òróró ni kí ẹ fi se é. Èyí tó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ rin àgbọn, kí ẹ fún omi rẹ̀, kí ẹ fi tẹ ànàmọ́ náà kúnná pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ó gbẹ lẹ́nu fúnra rẹ̀, ọ̀rá inú àgbọn ló ń tú u. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe pọ́fù-pọ́fù, kó lo yíìsì. Bákínì sódà á ṣe é bí kàún ti ń ṣe é, ẹ ó sì máa ta pọ́fù-pọ́fù aláwọ̀ ewé.

Mo ti rí ìpolówó tó ń pe elésè àlùkò ní oògùn oríṣiríṣi àrùn. Oúnjẹ ni. Ó dára, ó ń ṣe ara lóore, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò olómi ọsàn fún ọmọ tó nílò fítámì A.

Dídín àti sísun

Funfun ló rọrùn jù fún dùndún. Olómi ọsàn ní ṣúgà àti omi tó pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á jó kí inú tó jinná. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, kí iná má sì le jù. Elésè àlùkò máa ń gan dáadáa bó bá wà nínú òróró, ó sì ń dá àwọ̀ rẹ̀ sí.

Sísun nínú eérú gbígbóná yẹ gbogbo wọn. Ohun kan wà nínú ànàmọ́ tó máa ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà bí ooru bá ń wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà èyí tó pẹ́ nínú eérú á dùn ju èyí tí a jù sínú omi híhó lọ. Níbí, olómi ọsàn ló ń borí.

Ti òyìnbó aláwọ̀

Òkè Plateau, ní àyíká Jọ́ọ̀sì, ni púpọ̀ jù lọ nínú ti òyìnbó tí à ń jẹ ti ń wá, nítorí ó fẹ́ kí òru tutù kó tó lè ta. Ilẹ̀ wa gbóná jù fún un. Ní orí àwọn òkè Andes ní Peru àti Bòlífíà tó ti ṣẹ̀ wá, elésè àlùkò, pupa àti aláwọ̀ aró pọ̀ níbẹ̀. Èyí tí ẹ lè bá pàdé ní ilé ìtajà ńlá ní Àbújá máa ń wọ́n, ohun kan náà tí mo sọ nípa omi, kàún àti epo pupa ló sì bá a wí. Ní tèmi, owó yẹn pọ̀ jù fún àwọ̀ tí ewùrà lè fún yín.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: bí ìmọ́lẹ̀ bá pa ti òyìnbó lára, ara rẹ̀ á di aláwọ̀ ewé, májèlé kan tí iná kì í pa á sì pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Èèpo elésè àlùkò lè bo àwọ̀ ewé yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ bó o kí ẹ wò ó. Bó bá korò, ẹ má jẹ ẹ́. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ sí ànàmọ́ tiwa.

Ewùrà tó wà nínú oko yín

Kí ẹ tó wá elésè àlùkò kiri, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbin ewùrà. Àwọn ewùrà kan wà tí inú wọn jẹ́ elésè àlùkò láti abẹ́ èèpo dé àárín. Ohun tí àwọn ará Philippines ń pè ní *ube*, tí wọ́n fi ń ṣe oríṣiríṣi ìpápánu aládùn tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò, ewùrà ni. Ẹ rin ín, ẹ fi ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, kí ẹ fi òróró dín in ní òjòjò. Ẹ rántí pé omi rẹ̀ lè yún yín lọ́wọ́. Fún iyán, kò wúlò, kì í fà.

Ìpamọ́ àti ìtàkùn

Bí ẹ bá ti wa ànàmọ́, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tó móoru, tí oòrùn kò ti ń pa á, fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè jiná. Adùn rẹ̀ náà á sì pọ̀ sí i. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì, otútù á jẹ́ kí àárín rẹ̀ le gbagidi bí ẹ tilẹ̀ sè é títí. Olómi ọsàn kì í sábà pẹ́ tó funfun lọ́wọ́, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ.

Ìtàkùn ló nira láti pa mọ́ la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ẹni tó ní àkùrọ̀ lẹ́bàá odò, kó sọ díẹ̀ síbẹ̀ kó máa bomi rin ín títí òjò á fi padà dé. Gígùn tó tó sẹ̀ǹtímítà 30 ni kí ẹ gé, kí ẹ sin bí ìdajì rẹ̀ sínú ebè. Ẹ má gbin àwọ̀ méjì sórí ebè kan, nítorí ìtàkùn wọn á lọ́ mọ́ra, ẹ ò sì ní mọ èyí tí ẹ ń wà.